Sùlàímọ́nù, Ọdẹ Tí Kò Níbọn

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ fún mi ní etí yín. Ìjàpá kò sí nínú èyí tí mo fẹ́ sọ, Yánníbo aya rẹ̀ kò sì bá a débẹ̀. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwa ni, ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i.

Sùlàímọ́nù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìgbòho ni, lókè lọ́hùn-ún níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ọdẹ ni bàbá tó bí i, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Òun náà ti mọ ipa ẹsẹ̀ etu kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ayé kì í fi ènìyàn sílẹ̀ síbi tí wọ́n ti bí i. Ó tẹ̀lé àwọn oníṣòwò lọ sí Dubai láti máa ra rédíò ránṣẹ́ sí Èkó. Ọjà àkọ́kọ́ jẹ èrè, èkejì wọ gbèsè, ẹ̀kẹta kò délé rárá. Bí ó ṣe di ẹni tí ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Quoz nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹrù ti já lé e ní orúnkún. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ti tẹ̀ dáadáa mọ́. Bí ó bá ń rìn, á máa tiro bí àkùkọ tí okùn há lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí èmi fi dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ó ti di mégáàdì ní oko kan lẹ́yìn Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, níbi tí ilé ti tán tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi Ganiat ló bímọ, mo wá wẹ ọmọ fún un. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣì ń kọ́ ilé gogoro tó dà bí ìgbòkun ọkọ̀ sínú òkun ní Jumeirah, tí gbogbo ènìyàn ń na ìka sí i. Mo mú Nusirat dání. Nusirat ni àkọ́bí Ganiat, èmi ni mo tọ́ ọ ní Mushin láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ náà kò lè jókòó! Ìdí rẹ̀ kì í gbé orí àga. Nígbà tó wà ní kékeré, tí mo bá ń pààlọ́ fún un lábẹ́ òṣùpá, kí ìjàpá tó kó sí wàhálà báyìí, Nusirat ti dìde lọ mumi, ó ti lọ wo adìyẹ, ó ti lọ bá ọmọ ará ilé jà padà wá. Ìjì ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Sùlàímọ́nù máa ń wá kí wa nílé Ganiat ní Sharjah. Á gbé ẹyin wá látinú oko, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń bá Ganiat di ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Al Muraqqabat ní Dubai náà máa ń wà níbẹ̀. Ẹnu Olúṣẹ̀san ló mú jù nínú wọn.

“Bàbá Ọdẹ,” á wí, “kí lẹ pa lọ́sẹ̀ yìí? Tata ni àbí aáyán?”

Sùlàímọ́nù á mu tíì rẹ̀ díẹ̀ kí ó tó fèsì. “Mo rí ọ̀bọ kan ní Al Muraqqabat, Ṣẹ̀san. Ó kù díẹ̀ kí n mú un. Aṣọ tó wọ̀ ló jẹ́ kí n ṣì í mú fún ènìyàn.”

Ilé á hó gèè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó sí tòsí mọ̀ pé ẹ̀rín náà kì í dé ojú Sùlàímọ́nù. Ta ni yóò fún àlejò níbọn ní ilẹ̀ Lárúbáwá? Ọ̀pá kan àti tọ́ọ̀ṣì kan ni ohun ìjà tó ní, ewúrẹ́ àti adìyẹ ló ń ṣọ́. Ọmọ ọdẹ tí ń ṣọ́ adìyẹ!

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ ló wá, ọjọ́ Ajé ni. Kò gbé ẹyin dání. Ó jókòó, Ganiat sì gbé tíì fún un, kò mu ún.

“Bọ̀dá Sùlá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé àlàáfíà ni?”

“Ganiat, tòlótòló ti fẹ́ lé mi kúrò nílùú.”

Ó wá là á yé wa. Ẹni tó ni oko náà ní bàbá kan tó ti darúgbó. Bàbá yìí ní akọ tòlótòló kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti ìgbà tó ti wà ní òròmọ, tí ń jẹun ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé bàbá náà lọ fún iṣẹ́ abẹ lókè òkun, ó sì ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ní òru Sátidé ni ìjì jà, igi dàbínù kan wó lu ọgbà àwọn ẹyẹ, wáyà já. Gbogbo adìyẹ ló padà wálé ní àárọ̀. Gbogbo abo tòlótòló ló padà. Akọ yìí nìkan ni kò padà, ó ti kọjá sí àwọn òkè iyanrìn.

“Ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu bàbá òun ni ‘tòlótòló mi ńkọ́?’ Ó ní bí bàbá òun kò bá bá a láàyè lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá di Sátidé, khalas, ó parí nìyẹn, òun á cancel visa mi.” Sùlàímọ́nù fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀. “Ta ló máa gba arọ síṣẹ́ ní Dubai yìí? Tí mo bá sì padà sí Ìgbòho, kí ni mo fẹ́ wí? Pé tòlótòló ló borí ọmọ ọdẹ?”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Olúṣẹ̀san gan-an dìde. Ẹnu rẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò níkà nínú. “Bàbá, ẹ má sunkún. Ṣebí àgbà adìyẹ náà ni tòlótòló? Àwa máa wá lọ́la. À á lé e títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń lé adìyẹ ọdún nílé.”

Sùlàímọ́nù ní ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ariwo mú. Wọ́n ní tòlótòló kì í ṣe ẹran ìgbẹ́. Nítorí pé ọ̀ràn náà ti dé ọrùn, ó gbà fún wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń mú adìyẹ nílé wa. Ọmọdé á yí agboolé ká, àgbà á máa pariwo “ẹ dá a lọ́nà! ẹ dá a lọ́nà!”, adìyẹ á sáré títí yóò fi fi ìyẹ́ bo ojú sí ìdí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà. Wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù kó ara wọn lọ, wọ́n rí tòlótòló náà lẹ́bàá òkè iyanrìn, wọ́n sì bò ó. Ó sáré. Wọ́n sáré. Olúṣẹ̀san ti na ọwọ́ méjèèjì sí ìrù rẹ̀ nígbà tí tòlótòló ya apá rẹ̀, ó gbéra nílẹ̀, ó fò gba orí wọn kọjá, ó lọ bà lé igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní ghaf, lókè téńté.

Gbogbo wọn yanu. Èyí tí wọ́n mọ̀ láti ilé ni èyí tí a ti gé ní ìyẹ́ apá kí ó má baà kọjá ọgbà. Ọmọ Èkó kan kò rí tòlótòló tó fò rí! Olúṣẹ̀san ní tirẹ̀ ti fi àyà lélẹ̀, iyanrìn kún ẹnu rẹ̀ dé ọ̀fun. Àwọn kan ní títí di òní ló ṣì ń tu ú.

Lọ́jọ́rú, wọn kò lè padà lọ mọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù lọ Èkó ti fẹ́ gbéra, wọ́n ń di ẹrù tọ̀sán tòru. Sùlàímọ́nù tún wá sílé Ganiat nígbà tí wọ́n wá jẹun ọ̀sán, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ènìyàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì, tó ní ọwọ́ méjì, tí yóò sì ṣe ohun tí mo bá ní kó ṣe. Èmi mọ bí a ó ṣe mú un. Orúnkún yìí ni kò jẹ́.”

Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

“Bàbá, èmi ńkọ́?”

Nusirat ni. Ẹ̀rín tí wọn kò rín láti ọjọ́ Ajé, wọ́n rín in tán lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ìwọ?” Olúṣẹ̀san di ìhà rẹ̀ mú. “Ìjì? Ìwọ tí o kò lè dúró ti ìrẹsì kó jinná? Ẹ gbọ́ o! Bí ọmọ yìí bá mú tòlótòló yẹn, èmi Olúṣẹ̀san, ọmọ bàbá mi, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú títì ní Al Muraqqabat, màá sì kí i ní Ọ̀gá Ọdẹ!”

Sùlàímọ́nù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Nusirat ló ń wò.

“Ṣé o lè dákẹ́?”

“Mo lè dákẹ́, sà.”

“Ẹni tó lè dákẹ́ kì í yára dáhùn báyẹn. Kò burú. Múra.” Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. “Ganiat, yá mi ní jígí kan nínú èyí tí ò ń kó lọ Èkó. Èyí tó ga tó àyà ènìyàn.”

“Jígí kẹ̀? Ṣé tòlótòló fẹ́ ṣe faàrí ni?”

“Ohun tó máa ń ṣe náà nìyẹn.” Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá fọ mọ́tò ọ̀gá òun tó dán, tòlótòló náà á wá dojú kọ ilẹ̀kùn mọ́tò, á máa bá òjìji ara rẹ̀ jà, títí òun á fi da aṣọ bo ilẹ̀kùn náà. “Ó rò pé akọ mìíràn ló wá gba àwọn ìyàwó òun.”

Mo ní ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ dá lọ sùn ní oko, mo bá wọn lọ. Yàrá kékeré tí Sùlàímọ́nù ń gbé ni ó fi fún èmi àti Nusirat, òun sùn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ewúrẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ó mú un wọ inú ọgbà adìyẹ, ó ní kó dùbúlẹ̀, kó na apá rẹ̀ sílẹ̀. “O kò ní dìde títí adìyẹ kan yóò fi gun apá rẹ bí ẹni gun igi.” Adìyẹ àkọ́kọ́ sún mọ́ ọn, Nusirat yí orí, adìyẹ sá. Ìkejì dé, ó sín, gbogbo ọgbà fọ́nká. Ó bínú dìde.

“Bàbá, iyanrìn ń rìn mí lára!”

“Iyanrìn kì í rìn. Ìwọ lò ń rìn. Dùbúlẹ̀.”

Ó kọ́ ọ kí ó máa fi imú mí jẹ́jẹ́, kí ó sì dín ojú rẹ̀ kù, nítorí ojú ènìyàn tó ń dán ni ẹran kọ́kọ́ ń sá fún. Ó ní kó má ṣe di ìrù mú láéláé, ìyẹ́ ìrù á já sí i lọ́wọ́, ẹyẹ á sì lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ó dì mú lẹ́ẹ̀kan. “Bí mo bá ní kò tíì tó, kò tíì tó. Bí ọkàn rẹ bá ní ó ti tó, kò tíì tó síbẹ̀.” Ilẹ̀ ti ń ṣú kí adìyẹ kan tó gun apá rẹ̀. Bí ó ṣe gùn ún tán, Nusirat hó ìhó ayọ̀, adìyẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Sùlàímọ́nù mi orí.

Bí a ti jẹun tán, mo pààlọ́ kan fún un, èyí tí ìyá mi pa fún mi. Mo ní àwọn ẹyẹ fẹ́ yan ọba. Tòlótòló ló lẹ́wà jù, gbogbo wọn sì ti fi ẹnu kò sí i. Ó ń lọ gba oyè, ó dé etí odò, ó rí ẹlòmíràn nínú omi tó wọ irú aṣọ rẹ̀. “Ta nìyí tó fẹ́ bá mi du oyè?” Ó ya ìrù, ẹni inú omi ya ìrù. Ó bú u, òun náà yanu bú u. Ó dúró síbẹ̀ jà títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì fi ẹlòmíràn jọba. Ìbínú ọjọ́ náà ló pọ́n sí i lórí, tí kò tíì ṣí títí di òní. Mo parí ìtàn, mo bojú wo ẹ̀gbẹ́ mi. Nusirat wà níbi tí mo fi í sí. Kò dìde lẹ́ẹ̀kan.

A kírun Súbùhí lọ́jọ́bọ̀ tán, kùrukùru sì bo ilẹ̀, òtútù ń mú bí ọ̀bẹ. Sùlàímọ́nù fi jígí ti ìdí igi kékeré kan, níbi tí tòlótòló máa ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí Nusirat dùbúlẹ̀ lẹ́yìn jígí náà, ó fi àpò ọ̀rá àtijọ́ bò ó, ó da iyanrìn lé àpò náà lórí, ọwọ́ ọmọ nìkan ló kù níta. Èmi àti òun lọ lúgọ sẹ́yìn òkìtì iyanrìn kan. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí dún bí abo tòlótòló: kóò, kóò, kóò. Bí mi ò bá rí ẹnu rẹ̀ ni, màá búra pé abo kan ló wà níbẹ̀.

Láti orí igi ghaf, èsì dé: gọ̀lọ̀-gọ̀lọ̀-gọ̀lọ̀!

Ó sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ gbọ̀n nígbà tí ó bà. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó rìn díẹ̀, ó na ọrùn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìyà tí wọ́n fi ariwo jẹ ẹ́ kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Sùlàímọ́nù kò dún mọ́. Mo wo ojú rẹ̀, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò sùn mọ́jú.

Nígbà náà ni tòlótòló rí jígí. Háà! Ìrù rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Apá rẹ̀ wọ́ ilẹ̀. Orí rẹ̀ di pupa, ó di aró, ó tún di pupa. Ó yan lọ, ó yan bọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ta jígí náà nípàá, gbàà! Àpò tó bo Nusirat kò mì.

“Kò tíì tó,” Sùlàímọ́nù ń sọ lẹ́nu, bí ẹni ń ṣàdúrà. “Kò tíì tó, ọmọ mi. Kò tíì tó.”

Ó tún ta á. Ó bu ú jẹ ní ojú. Èmi ń wò, mo ń wí nínú ara mi pé Ìjì, jọ̀ọ́, jókòó fún mi lónìí nìkan. Kòkòrò kan, Nusirat sọ fún wa lẹ́yìn náà, ti wọ inú irun rẹ̀, ó ń rìn bọ̀ wá sí etí rẹ̀. Ó jẹ́ kó máa rìn.

Tòlótòló ta ọ̀tá rẹ̀ títí, ọ̀tá kò sá, kò sì ṣubú. Ó ronú ohun tí gbogbo òmùgọ̀ ń rò: ó ní kí òun lọ wò ó lẹ́yìn. Ó yí jígí po, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó sì gun apá Nusirat bí ẹni gun igi.

Àpò fò sókè! Iyanrìn fọ́n! Apá tòlótòló ń lù ú gbì, gbì, gbì, ní orí, ní èjìká, ìyẹ́ ń fò káàkiri, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ ọmọ mi méjèèjì lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n dì bí ọ̀já. Sùlàímọ́nù ti gbéra. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì rí ẹni tó tiro yára tó bẹ́ẹ̀ rí! Ó já láwàní orí rẹ̀, ó fi bo tòlótòló lójú, ẹyẹ náà sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ọmọ tó gbọ́ orin.

Nusirat jókòó nínú iyanrìn. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ìyẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó la ẹnu láti pariwo, Sùlàímọ́nù gbé ọwọ́ sókè.

“Rárá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá mú ẹran àkọ́kọ́ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́, lójú ẹni tó tọ́ kó gbọ́. Pa ẹnu dé.”

Ó pa ẹnu dé. Ó pa á dé dé ilé, èmi náà pa tèmi mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Olúṣẹ̀san dé láti ibi ẹrù, ó ní, “Ọ̀gá Ọdẹ, báwo loko? Àbí tòlótòló náà ti kọjá sí Oman?” Nusirat kàn ń gé àlùbọ́sà. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án níwájú orí wò bóyá ara rẹ̀ ń gbóná.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Lẹ́yìn ìrun, gbogbo wa lọ sí oko, Olúṣẹ̀san pẹ̀lú, tó ní òun fẹ́ bá Bàbá Ọdẹ di ẹrù rẹ̀. Mọ́tò dúró, wọ́n gbé bàbá olóko náà sọ̀kalẹ̀, ó gbẹ bí igi dàbínù, ó ń tẹ ọ̀pá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó béèrè ohun kan ní èdè Lárúbáwá, ojú ọmọ rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ Sùlàímọ́nù.

Sùlàímọ́nù ṣí ilẹ̀kùn ọgbà. Akọ tòlótòló yan jáde, ó gbọ́ ohùn bàbá, ó sáré lọ bá a, ó na ọrùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Arúgbó náà bú sẹ́kún. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè ẹni tó mú un.

Sùlàímọ́nù gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Nusirat. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Lárúbáwá kí àwọn onílé gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè ní Yorùbá, ohùn tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn ọmọ ọdẹ: “Nusirat ọmọ Ganiat, òun ló mú un! Ọwọ́ lásán ló fi mú un! Èmi Sùlàímọ́nù ọmọ ọdẹ Ìgbòho ni mo mú un lọ, mo sì jẹ́rìí!”

Bàbá náà ṣa ìyẹ́ ìrù kan nílẹ̀, ó fi lé Nusirat lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ kan tó kúrú. Ọmọ náà fọwọ́ sáyà. “Khalas,” ó wí fún Sùlàímọ́nù. “Níwọ̀n ìgbà tí bàbá mi bá wà lóko yìí, ìwọ náà wà níbẹ̀.” Arúgbó náà fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́ Sùlàímọ́nù, àwọn méjèèjì jọ ń tiro lọ sábẹ́ igi, tòlótòló ń yan tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Ó ku ti Olúṣẹ̀san. Lọ́jọ́ Àìkú, níwájú ṣọ́ọ̀bù Ganiat ní Al Muraqqabat, tí àwọn èrò ti kún títì, tí àwọn ará Pakistan tí ń ti ọmọlanke dúró wòran, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Ọdẹ!”

Nusirat fi ìyẹ́ tòlótòló há irun. Ó dúró gbagidi, ìka rẹ̀ kan kò mì. Ó wo ẹ̀yìn Olúṣẹ̀san nílẹ̀ níbẹ̀ títí gbogbo ènìyàn fi dákẹ́.

“Kò tíì tó, Bọ̀dá Ṣẹ̀san,” ó wí. “Ẹ tún un kí.”